Ọlẹ̀ Tí Kò Sọ Mọ́: Aboyún, Ògbufọ̀ àti Olùkọ́ Èdè ní Maourey

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ẹni tó bá ti lóyún rí kò ní ṣàìmọ̀. Ọlẹ̀ ni orúkọ ọmọ inú oyún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan mira nínú òun, wọn a ní ọlẹ̀ sọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ nígbà tí wọ́n dé ibi ìtàn Èlísábẹ́tì nínú Ìhìnrere Lúùkù. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ìyá ni wọ́n mú, ó sì bá ibẹ̀ mu rẹ́gí. Èyí ni ó fi jẹ́ ìyàlẹ́nu pé títí di òní, níbi tí àwọn onímọ̀ bá ti ń jíròrò lórí èdè àti ìlera, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó dìde láti sọ pé kò ṣeé ṣe láti fi Yorùbá kọ́ aboyún ní àmì ewu inú oyún, nítorí pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tó tó o. Irọ́ gbáà ni. Irọ́ yìí kò sì dà bí irọ́ tí wọ́n ń pa nípa ewì tàbí nípa gírámà, tí ó jẹ́ pé ìwé ni yóò gbé e, ìwé náà ni yóò sì sin ín. Ọmọ ni irọ́ yìí lè gbé lọ.

Maourey jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ìlú Niamey, ní apá òsì Odò Ọya, odò kan náà tó ṣàn kọjá ní Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Ọdún 1926 ni ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Faransé sọ Niamey di olú-ìlú, láti ìgbà náà ni onírúurú ènìyàn sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára wọn, àwọn tí Haúsá ń pè ní Yarabawa. Ẹni tó bá ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fi èdè kan jẹun. Zarma àti Haúsá ni ti ọjà àti ti òpópónà, Faransé ni ti ìwé, Yorùbá sì ni ti inú ilé, ti ìkíni òwúrọ̀, ti oríkì ọmọ, ti ìrora. Nínú àwọn èdè wọ̀nyí, èyí tí obìnrin fi ń mọ ara rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nígbà tí oyún bá wọ oṣù keje, ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni kì í bá a wọ yàrá agbẹ̀bí.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo aboyún kan ní Maourey, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Kò sí ẹni kan pàtó tí wọ́n fi àpẹẹrẹ yìí bú, kò sì sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n fi ń na ìka sí. Láti àná ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, láti àná ni n kò ti mọ ọmọ yìí lára bí mo ṣe máa ń mọ̀ ọ́n." Ìyá ọkọ náà, tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì ti bí ọmọ púpọ̀, dáhùn pé, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Ọmọ tó bá ti fẹ́ wá sáyé a máa sinmi. Lọ mu omi tútù, kí o dùbúlẹ̀ díẹ̀." Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé ibùdó ìlera àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní CSI ní orílẹ̀-èdè Niger. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ gbọ́ Faransé àti Zarma. Aládùúgbò kan ń gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà láti Yorùbá sí Haúsá, ẹlòmíràn tún ń gbé e láti Haúsá sí Faransé. Ciki ni Haúsá ń pe inú, ciki náà ni wọ́n ń pe oyún. Kí ọ̀rọ̀ tó la ẹnu méjì kọjá, ohun tó kù nínú "ọlẹ̀ kò sọ mọ́" ni pé inú ń yọ obìnrin náà lẹ́nu. Bí nọ́ọ̀sì bá fún un ní oògùn inú rírun, ta ni kí ènìyàn bá wí?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ yóò fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ni pé ìyá ọkọ ni kí wọ́n bá wí. Wọn a ní àìmọ̀kan ló ń dà á láàmú, wọn a sì tún fi àṣà kún un. Ìdáhùn náà kò tọ́. Ohun tí ìyá ọkọ sọ kò jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kàwé ti sọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Paris: pé bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti ń sún mọ́, ààyè a há fún ọmọ, yóò sì dín ìmira rẹ̀ kù. Àṣìṣe tó kárí ayé ni, kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Kò sì lè lọ àfi bí wọ́n bá fi èdè tí wọ́n fi ń pa á mọ́ bá a jà.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ kò ṣòroó gbé kalẹ̀ ní Yorùbá. Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 ni ọ̀pọ̀ obìnrin kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ọlẹ̀ sọ, ẹni tó ti bímọ rí a sì máa tètè mọ̀ ọ́n ju aláboyún àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni ìmira náà yóò máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Lẹ́yìn èyí yóò dúró lójú kan, kò ní dín kù títí ìrọbí yóò fi dé. Ohun tó máa ń yí padà ni irú ìmira náà: ọmọ tó ń fò tẹ́lẹ̀ lè wá máa yí, kí ó máa nà, kí ó máa ti ìyá rẹ̀ ní ìhà. Ọlẹ̀ a máa sùn, òótọ́ ni. Àmọ́ ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni oorun rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó kọjá ìṣẹ́jú 90. Oorun tó bá ti di ti ọjọ́ kan àti òru kan, ó ti kúrò ní oorun.

Ìdí tí ó fi ń dín kù nígbà ewu ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ lè fi ẹnu sọ láìwo ìwé. Afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ tí ọlẹ̀ ń lò, ibi ọmọ àti ìwọ́ ni wọ́n ń gbà wá. Ohun púpọ̀ ló lè bá ibi ọmọ jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè ṣe é. Ibà lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, ní ilẹ̀ bíi ti Niamey tó jẹ́ pé àkókò òjò, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ni ẹ̀fọn máa ń gbilẹ̀ jù. Nígbà tí ohun tó ń wọlé kò bá tó mọ́, ọlẹ̀ a ṣe bí ọlọ́gbọ́n ìyàwó ilé tí owó ọjà rẹ̀ dín: yóò máa ṣọ́ èyí tó kù ná. Yóò darí ẹ̀jẹ̀ sí ọpọlọ àti sí ọkàn, yóò sì dáwọ́ ìtapá àti ìnàra dúró, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ni kò pọn dandan. Nítorí náà, kì í ṣe ìsinmi ni ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ìṣúnná ni. Ọmọ kan wà nínú òkùnkùn tó ń fi ìwọ̀nba tó kù pa ara rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì lè mọ̀ láyé. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá a sùn tó ń bá a jí.

Royal College of Obstetricians and Gynaecologists ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011. Ó wà nínú rẹ̀ pé ju ìdajì àwọn obìnrin tó bí òkú ọmọ lọ ni wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ìmira ọmọ dín kù. Ìlànà kan náà sọ ohun kejì tí kò gbọdọ̀ sọnù: nínú obìnrin 100 tó ṣàkíyèsí irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan bí 70 ni oyún wọn yóò lọ dáadáa. Ẹni tó bá sọ àkọ́kọ́ láìsọ èkejì ń dẹ́rù ba aboyún. Ẹni tó bá sọ èkejì láìsọ àkọ́kọ́ ń fi oorun kùn ún lójú. Méjèèjì ló gbọdọ̀ wà nínú gbólóhùn kan náà. Kí ni ó wá ṣòro ní Yorùbá nínú pé, "Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n wò ó lónìí"?

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù ni ọ̀rọ̀ kíkà. Ní 1976, Pearson àti Weaver tẹ iṣẹ́ wọn jáde láti ìlú Cardiff, láti ibẹ̀ sì ni ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tàn ká ayé, èyí tí aboyún yóò fi máa ka ìmira ọmọ títí yóò fi pé 10. Àwọn kan gbà á bí ẹni gba àṣẹ. Wọ́n gbé e wá sí Áfíríkà, wọ́n sì pa á láṣẹ pé kí aboyún máa ka iye ìgbà tí ọmọ ta á nípàá. Nígbà tí àwọn obìnrin kò kà á, wọ́n ní wọn kò gbọ́ràn.

Wọn kò bi ara wọn léèrè bóyá òwe kan wà tó dúró lójú ọ̀nà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bi abiyamọ pé ọmọ mélòó ló bí mọ bí wọ́n ṣe máa ń yí ìdáhùn náà po. Obìnrin tí kì í ka èyí tó wà níta, báwo ni yóò ṣe jókòó máa ka èyí tí kò tíì yọjú? Àwọn kan yóò pe èyí ní ìgbàgbọ́ asán. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bú òwe náà, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí fúnra wọn rí. Ní 1989, ìwádìí kan tí Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde nínú The Lancet. Ó kan àwọn obìnrin tó lé ní 68,000, kò sì rí i pé kíká a lójoojúmọ́ dín ikú ọlẹ̀ kù. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere nínú ìlànà ìtọ́jú aboyún pé kí wọ́n má fi kíkà ojoojúmọ́ ṣe iṣẹ́ àfi nínú ìwádìí tó gún régé, ó sì tún sọ pé ó yẹ kí aboyún mọ ìwúlò ìmira ọmọ ní ìdá ìkẹyìn oyún, kí wọ́n sì wá sọ bí ó bá dín kù. Òwe àti ìlànà pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Iye kọ́ ni iṣẹ́ aboyún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ìwà ọmọ rẹ̀.

Ìwà: ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu tó. Ọlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé òru ni tirẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá ti jẹun tán ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aboyún mọ ìwà yìí bí ó ti mọ ìwà ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi nọ́ńbà kọ́ ọ. Ìbéèrè tó yẹ kí agbẹ̀bí bi í ni, "Ṣé bí ó ti máa ń ṣe náà ló ń ṣe?" Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í dípò èyí ni, "Ó ta ọ́ nípàá ẹ̀ẹ̀mélòó?" Ìbéèrè kejì yìí tiẹ̀ lè ṣi obìnrin tó ní làákàyè lọ́nà. Ó lè fèsì pé kò ta òun nípàá rárá, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń yí tó sì ń nà dáadáa. Ó sì lè fèsì pé ó ń ta òun, nígbà tó jẹ́ pé òsúkè ọmọ ni ó ń mọ̀ lára, òsúkè kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí. Wọ́n mú un wá láti èdè mìíràn, wọn kò sì bi ìyá kankan bóyá ìtapá ni òun ń pè é.

Àwọn alátakò ní ìwádìí lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í pamọ́ fún òǹkàwé. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní AFFIRM jáde ní 2018. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ni wọ́n ti ṣe é, ó sì kan oyún tó lé ní 400,000. Wọ́n fún àwọn aboyún ní ẹ̀kọ́ lórí ìdínkù ìmira, wọ́n sì fún àwọn ilé ìwòsàn ní ìlànà kan tí wọn yóò máa tẹ̀ lé. Iye òkú ọmọ kò dín kù tó ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n iye àwọn tí wọ́n fi oògùn rọbí àti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún pọ̀ sí i. Látàrí èyí, àwọn kan ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: ní ìlú tí dókítà kò tó, wọ́n ní ariwo àwọn aboyún yóò bo àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Èsì kan wà fún wọn. Ilé ìwòsàn tí ìwádìí náà ti wáyé jẹ́ ibi tí obìnrin ti lè fi fóònù pe agbẹ̀bí ní èdè rẹ̀, tí wọn yóò sì gbọ́ ọ, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n dán wò ni bóyá ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i yóò ṣàfikún sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó dán an wò bóyá kí obìnrin dákẹ́ dára. Láti inú "a kò rí i pé àfikún náà gba ẹ̀mí là" dé "kí wọ́n má sọ fún un", ọ̀nà náà jìn, kò sì sí afárá lórí rẹ̀. Ní Niger, ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè ti 2012 fi hàn pé obìnrin kan ń bí ọmọ 7.6 ní ìpíndọ́gba, àti pé nínú ìbímọ 100,000, ìyá 535 ni ikú ń mú lọ. Níbi tí ìyá fúnra rẹ̀ ti ń lọ báyìí, ohun tó ń pa ọlẹ̀ lè má jìnnà sí ohun tó ń pa ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń fún ibi ọmọ lọ́rùn ni ó ń di gìrì aboyún. Bí obìnrin bá wá nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò mira bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n gbà là. Ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n: fèrè onígi tí Pinard ará Faransé gbé jáde ní 1895 ṣì ń jẹ́ kí agbẹ̀bí gbọ́ bóyá ọkàn ọmọ ń lù. Òótọ́ ni pé lílù ọkàn nìkan kò fi hàn pé gbogbo nǹkan dára, ó sì yẹ kí wọ́n rán ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé wọn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ńlá, irú bíi Maternité Issaka Gazobi. Àmọ́ wọn kò ní rán ẹni tí wọn kò gbọ́ ohun tó sọ.

Owó náà kì í ṣe àwáwí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2005 àti 2006 ni ìjọba Niger kéde pé iṣẹ́ abẹ fún ìbímọ àti ìtọ́jú oyún yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n ṣe mú ìkéde náà ṣẹ ní ibi gbogbo jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí wọn kò gba owó lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè jẹ́ títì bí ẹni tó wà nínú kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó ń kàn án. Àwọn kan tún máa ń ronú pé ọmọ Yorùbá tó bá lóyún ní àjò yóò kúkú lọ bí i nílé. Nígbà tí wọ́n ti ààlà Nàìjíríà àti Niger lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje 2023, tó sì wà ní títì di 2024, gbogbo ènìyàn rí bí ilé ti lè jìnnà tó.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan àwọn onímọ̀ èdè. Ní 1984 ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ní 1990 sì ni Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá lónìí tí kò jẹ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló sì jẹ́. Ìbéèrè ni pé kí ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ lè gboyè lórí fóníìmù, kí ó kọ ojú ìwé 300 lórí rẹ̀, kí ó má sì mọ bí wọ́n ti ń pe ibi ọmọ. Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ṣe èdè-ìperí ìlera: wọ́n ṣe é fún HIV àti Ebola ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Àrùn tó ń dẹ́rù ba ayé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì yéni. Ikú ọlẹ̀ kò ní ariwo bẹ́ẹ̀. Ní 2020 àwọn àjọ àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí òkú ọmọ mílíọ̀nù 2 ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún, ìyẹn ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 16 kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní orúkọ, wọn kì í ṣe ìsọmọlórúkọ fún wọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kò fi wá ọ̀rọ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n bá sì wá a, wọn a wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Láti ibẹ̀ ni "ìdínkù nínú ìrìn ọmọ inú" ti ń jáde, gbólóhùn tí kò sí ìyá tó sọ ọ́ rí. Ta ni ọmọ rẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀? Àwọn mìíràn yóò kọ ọ́ pé "bí ọmọ bá dákẹ́ nínú ìyá rẹ̀". Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́, nígbà tí wọ́n bá lò ó fún ènìyàn, ikú ni. Bàbá dákẹ́ ní ìdájí: kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Obìnrin tó bá ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú ni wọ́n ń bá wí, yóò sì sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, yóò kọjá lọ. Bí tirẹ̀ bá wá ṣẹlẹ̀, kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó lè ṣẹ. Yóò sọ pé ara òun kò balẹ̀. Agbẹ̀bí tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún béèrè. Ògbufọ̀ tí wọ́n gbà láti ìta yóò túmọ̀ rẹ̀ sí òtútù.

Ohun kékeré kan tún wà tí olùkọ́ gírámà nìkan lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọlẹ̀ kò tíì sọ" àti "ọlẹ̀ kò sọ mọ́": ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ. Ẹni tó bá sọ èkíní, tí oyún rẹ̀ sì ti pé ọ̀sẹ̀ 24, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó láǹfààní àti dúró de ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sọ èkejì kò láǹfààní àti dúró. Haúsá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ méjèèjì, Faransé náà ní, kò sì sí ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi gbọdọ̀ sọnù lójú ọ̀nà, àfi pé ẹni tó ń gbé e kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan tó lè fọ́. Ní kíláàsì, tíì àti mọ́ jẹ́ ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ẹ̀rín gbà. Bí wọ́n bá fi ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí yóò tún fi rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìwé òfin tuntun tí ìjọba ológun Niger bu ọwọ́ lù sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì sọ Faransé di èdè iṣẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ èdè yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Àmọ́ òfin kò tíì kọ ìkéde kankan sára ògiri CSI. Yorùbá kò sì sí lára àwọn èdè ilẹ̀ náà tí ìjọba ń dá mọ̀, nítorí náà kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò kọ ọ́ fún àwọn Yarabawa. Yunifásítì wọn wà ní apá kejì ààlà, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn sì ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn lórí àkọtọ́.

Iṣẹ́ náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ni ó mọ̀ ọ́n jù. Pé láti oṣù keje títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kò yẹ kí ó dín kù. Pé bí kò bá sọ bí ó ti máa ń sọ, kí ìyá má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, kí ó má sì fi omi tútù tan ara rẹ̀. Kí ó lọ lọ́jọ́ náà, kí ó sì wí fún agbẹ̀bí pé ti ọlẹ̀ ni òun bá wá, kì í ṣe ti inú rírun. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ti Haúsá àti ti Zarma, kí ògbufọ̀ lè fi ìka tọ́ ọ fún nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí wọ́n kà á sí etí ìyá arúgbó kan ní Maourey. Bí ó bá gbọ́ ọ tán, tí ó sì béèrè pé, "Ṣé ti ọmọ tó ń sùn ni ẹ ń wí?", kí wọ́n padà lọ tún un kọ.